Bàtà Síkéètì Tó Dára, Eré Tó Ṣe Ara Lóore

 

Nínú ìwé yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bàtà síkéètì, pàápàá èyí tí táyà rẹ̀ mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan ilé-iṣẹ́ ìlera nínú bàtà eré ọmọdé. Ohun méjì ni ó mú un kàn wá. Èkíní, eré yìí ń fún ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ọmọ lókun. Èkejì, bí bàtà náà kò bá dára, eré á di ìyà, ó sì lè yọrí sí apá tó dá. Irú bàtà tí ẹ bá rà, àti ohun ààbò tí ẹ bá rà mọ́ ọn, ni yóò pinnu èwo nínú méjèèjì ni yóò wọ ilé yín.

Eré yìí kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi síkéètì dárayá ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Surulérè, èyí tí wọ́n lò fún Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1973. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, James Plimpton ṣe síkéètì onítáyà méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ní ọdún 1863. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1980, Scott Olson àti àbúrò rẹ̀ Brennan ní ìpínlẹ̀ Minnesota bẹ̀rẹ̀ sí tún èyí tí táyà rẹ̀ tò lórí ìlà kan ṣe. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó tàn káàkiri àgbáyé. Bí ọmọ yín ní Ìṣẹ̀rì Olówórà, ní Ìkòsí tàbí ní Kétu bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra tirẹ̀ fún un, ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó dá a lóhùn.

OORE TÍ ERÉ NÁÀ Ń ṢE FÚN ARA

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú ọkàn lù kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, lójoojúmọ́, bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Wọ́n jókòó nínú ọkọ̀ ilé-ìwé ní òwúrọ̀, wọ́n jókòó ní kíláàsì, wọ́n jókòó ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n sì tún jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ní alẹ́. Níbo ni ìṣẹ́jú 60 yóò ti jáde?

Síkéètì lè pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn tẹ̀lé èkejì, iṣan itan, ti ìdí àti ti ẹ̀yìn ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń mí kíkan, ó ń làágùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sáré. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹsẹ̀ ń yọ̀ lọ ni, tí kì í gbá ilẹ̀ gbìgbì, ìnira tó ń dé bá orúnkún kéré sí ti eré sísá. Ó tún ń kọ́ ara bí a ti ń dúró gbọnin láìṣubú. Ọmọkùnrin lè ṣe é, ọmọbìnrin náà lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn: oore yìí kò sí nínú eré ọjọ́ kan. Ìgbà tí ọmọ bá ń ṣe é léraléra, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ni ara ń jèrè rẹ̀. Ọmọ kì í sì í padà sídìí ohun tí kò dùn mọ́ ọn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàtà ti wọlé.

BÍ BÀTÀ ṢE Ń YÍ ERÉ PADÀ

Bí bàtà ṣe bá ẹsẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń ra bàtà ilé-ìwé tó tóbi díẹ̀, kí ọmọ lè lò ó di ọdún tó ń bọ̀. A ó ki òwú tàbí ìwé sí i níwájú, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú síkéètì. Bí bàtà náà bá tóbi, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀, ọrùn-ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀ sínú. Gbogbo agbára tí ọmọ ìbá fi ti ara rẹ̀ síwájú ni yóò máa fi wá bí yóò ṣe dúró. Kò ní pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ròrò, kí ọrùn-ẹsẹ̀ máa ro ó, kí ó sì bọ́ bàtà náà jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá sì kéré, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ni yóò jìyà.

Bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó bá a mu rèé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó wọ bàtà méjèèjì, kí ó sì de okùn àti ìdè rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá dúró ṣánṣán, ọmọ-ìka rẹ̀ yóò kan iwájú bàtà díẹ̀. Bí ó bá tẹ orúnkún, ọmọ-ìka náà yóò fà sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé sókè nínú bàtà. Bàtà náà gbọ́dọ̀ le ní ibi ọrùn-ẹsẹ̀, kí ó má ṣe rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀. Fún ọmọ tó ń dàgbà, èyí tí a lè fà gùn tàbí tì kúrú wà lọ́jà, òun ni ó sì ń pa owó mọ́ jù.

Bẹ́rìn. Gbogbo ẹni tó bá ti ná ọjà Máìlì 12 ti rí àwọn tó ń ti ọmọlanke. Èyí tí bẹ́rìn táyà rẹ̀ mọ́, tó sì ní gíríìsì, a máa yí wọ́ọ́rọ́ bí ẹrù tilẹ̀ pọ̀. Èyí tí bẹ́rìn rẹ̀ ti dógùn-ún a máa han, ẹni tó ń tì í a sì làágùn lórí ẹrù kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkéètì rí. Nínú táyà kọ̀ọ̀kan, bẹ́rìn méjì ni ó wà. Bàtà méjèèjì ní táyà 8, èyí tó túmọ̀ sí bẹ́rìn 16. Nínú bẹ́rìn kọ̀ọ̀kan ni àwọn bọ́ọ̀lù irin wínníwínní wà, láàárín òrùka irin méjì. Bí wọ́n bá dára, ọmọ á ti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì yọ̀ lọ jìnnà. Bí wọn kò bá dára, bí ó ti tì í ni yóò dúró. Ẹ̀mí rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin kí ara rẹ̀ tó gbóná débi tí eré náà yóò fi ṣe é lóore. Ẹ lè rí ABEC pẹ̀lú nọ́ńbà bí 1, 3, 5 tàbí 7 lára bẹ́rìn. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe fi ìṣọ́ra gé irin rẹ̀ tó. Ẹ má ṣe tìtorí nọ́ńbà ńlá san owó gọbọi. Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, bẹ́rìn kékeré tó mọ́ tóní tóní dára ju ńlá tí iyanrìn ti kún inú rẹ̀.

Táyà. Èyí tó dára ni wọ́n fi polyurethane ṣe. Ó le, ṣùgbọ́n ó fara jọ rọ́bà. Ó ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń gba gbígbọ̀n mọ́ra kí ó tó dé orúnkún ọmọ. Bàtà ìṣeré olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní táyà ike líle. Lórí táìlì tàbí sìmẹ́ńtì dídán, ike yìí a máa yọ̀ lójijì. Lórí òkúta alápapọ̀, a máa pariwo, a sì máa gbọn ẹsẹ̀ jìgìjìgì. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí ó bá dún kókókó bí abọ́ ike, ẹ fi í sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ táyà gidi, wọ́n kọ nọ́ńbà bí 78A tàbí 82A, èyí tó ń sọ bí ó ti le tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni táyà ṣe rọ̀ tó, èyí tó rọ̀ ni ó sì yẹ ilẹ̀ wa tí kò tẹ́jú.

Irin tó gbé táyà dúró, àti bíréèkì. Irin tàbí ike líle tó so táyà mọ́ bàtà kò gbọdọ̀ tẹ̀ bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ. Bí ó bá ń tẹ̀, bàtà kò ní lọ tààrà. Rọ́bà bíréèkì, èyí tó sábà máa ń wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún, gbọ́dọ̀ nípọn. Ọmọ tí kò lè dúró nígbà tó bá fẹ́ yóò máa bẹ̀rù, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù kò lè gbádùn eré.

OHUN ÀÀBÒ: APÁ KAN BÀTÀ NI

Bí ènìyàn bá fẹ́ ṣubú síwájú, ọwọ́ ni ó máa ń nà. Nítorí náà, ọrùn-ọwọ́ ni ó ń kọ́kọ́ jìyà. Ní ọdún 1996, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ New England Journal of Medicine gbé ìwádìí kan jáde láti Amẹ́ríkà, lórí àwọn tó farapa nídìí síkéètì onílà kan, tí wọ́n sì gbà ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Nínú ènìyàn 161 tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó jẹ́ pé ọrùn-ọwọ́ ni wọ́n fi ṣèṣe. Ìwádìí náà fi hàn pé ewu ìpalára ọrùn-ọwọ́ fún ẹni tí kò wọ ààbò rẹ̀ ju ìlọ́po 10 ti ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Ti ìgbọ̀nwọ́ ju ìlọ́po 9 lọ.

Ohun mẹ́rin ni ọmọ gbọ́dọ̀ wọ̀:

1. Ààbò ọrùn-ọwọ́. Ó ní ike líle pẹlẹbẹ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ bá ṣubú, ike náà á yọ̀ lórí ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn.

2. Ààbò ìgbọ̀nwọ́.

3. Ààbò orúnkún. Ọmọ tó bá mọ̀ pé orúnkún òun kò ní bó yóò máa tẹ orúnkún dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe ń dúró lórí síkéètì.

4. Àṣíborí. Ti kẹ̀kẹ́ dára fún un. Ẹ wá EN 1078 tàbí CPSC tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀; àmì ìdánwò ni wọ́n. Kí ó jókòó gbọọrọ, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ìpéǹpéjú, kí okùn abẹ́ àgbọ̀n sì fún un díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ti ọlọ́kadà dé ọmọdé lórí. Ó tóbi, ó sì wúwo fún ọrùn rẹ̀. Àṣíborí tó bá ti gba ìṣubú líle lẹ́ẹ̀kan ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ ra òmíràn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin àgbà ni ẹ ó wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì ti wò ó kí ọmọ tó ṣubú rárá.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni owó kò tó ná. Bàtà tuntun tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀ a máa fa ojú ọmọ mọ́ra, ṣùgbọ́n iná kò ní kí eré dùn, kò sì ní kí ọwọ́ má dá. Bí owó bàtà tuntun nìkan ni ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra tòkúnbọ̀ tó bá ẹsẹ̀ mu, kí ẹ sì fi ìyókù ra ohun ààbò. Bí kò bá tó fún méjèèjì lóṣù yìí, ẹ ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ á sunkún lónìí, ṣùgbọ́n owó bàtà lásán kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó fọ́tò egungun, owó POP, àti ọjọ́ tí ìyá kò ní lè lọ sọ́jà. Bí ọmọ méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n lè máa lo bàtà kan ní àrà-ọ̀tọ̀ ọjọ́, bí ó bá jẹ́ èyí tí a lè fà gùn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà òkìrìkà, ẹ yẹ síkéètì wò báyìí:

1. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ yí fún ìgbà díẹ̀ láìhan, láìkùn.

2. Ẹ mì í sí ọ̀tún àti òsì. Kò gbọdọ̀ mì jẹ́gẹjẹ̀gẹ.

3. Ẹ wo bí ó ti jẹ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ díẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ ipò táyà. Bí ó bá ti jẹ gan-an tàbí tí ó ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ má rà á.

4. Ẹ tẹ ara bàtà. Ike tó ti gbó a máa sán.

5. Ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹ sì fà á. Èyí tó bá já lọ́wọ́ yín nínú ọjà yóò já lẹ́sẹ̀ ọmọ.

6. Ẹ rí i pé ọ̀tún àti òsì jẹ́ ìwọ̀n kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra àṣíborí tòkúnbọ̀. Kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fi ṣubú rí.

ÌTỌ́JÚ BÀTÀ

Iyanrìn àti omi ni ọ̀tá bẹ́rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gba inú àbàtà òjò kọjá. Lẹ́yìn eré, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu táyà, kí ẹ sì ṣí ẹnu bàtà sílẹ̀ kí òógùn inú rẹ̀ gbẹ, kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà máa yún un. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ dán bóòtù wò pé wọ́n fún. Bí ẹ̀gbẹ́ inú táyà bá ti ń jẹ, ẹ yí i padà kí ẹ̀gbẹ́ òde bọ́ sínú. Bí bẹ́rìn bá ń han, kí àgbàlagbà yọ ọ́, kí ó fi aṣọ nù ún, kí ó sì kán òróró máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ sí i. Èyí tó bá ti dógùn-ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

IBI TÍ ERÉ YẸ

Bí bàtà ti wulẹ̀ kí ó dára tó, títì ọkọ̀ kì í ṣe pápá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbé síkéètì sí ojú ọ̀nà tí dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ń gbà, kí a má tilẹ̀ sọ ti òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tó gba Ojódù Berger kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ mú. Ikú ni ó ń bá ṣeré.

Inú ọgbà ilé tó tẹ́jú, ọgbà ilé-ìwé tàbí ti ilé ìjọsìn lọ́jọ́ tí ibẹ̀ ṣófo, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ni ín, ni ó yẹ. Ẹ kọ́kọ́ gbá iyanrìn àti òkúta kúrò. Ẹ wo gọ́tà tí kò ní ìdérí, ẹ wo wáyà jẹnẹrétọ̀ tó gba ilẹ̀ kọjá. Kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. Kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, kí omi mímu sì wà nítòsí. Ẹ kọ́ ọ láti tẹ orúnkún, kí ó ṣubú lé ààbò orúnkún bí ó bá rí i pé òun ń ṣubú. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ná.

BÍ ỌMỌ BÁ ṢUBÚ

Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá wú, tó wọ́, tàbí tí ọmọ kò lè lò ó, ẹ kà á sí pé egungun ti dá. Ẹ má fà á, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi àbóníkí pa á. Ẹ fi páálí líle gbé e ró, bí ó bá jẹ́ ọwọ́, kí ẹ fi gèlè tàbí ìborùn so ó kọ́ ọrùn, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, bí irú ilé ìwòsàn gbogboogbò tó wà ní Gbàgádà. Ilé Ìwòsàn Egungun ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìgbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, kò jìnnà sí ọ̀nà Ìkòròdú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun níbi tí wọn yóò ti fi igi àti okùn dì í pinpin. Ìdè tó fún jù a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ìbá sàn ni wọ́n sì ti gé nítorí rẹ̀. Ibi yòówù kí wọ́n ti di ọmọ, bí ọmọ-ìka rẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tó ń dúdú, ẹ tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ó bá fi orí gbálẹ̀, tó ń bì, tó ń sùn lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀, ẹ má dúró rárá. Ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìlera ni oògùn ọrọ̀. A kò sọ pé kí ẹ fi eré du ọmọ yín. Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, táyà tó ń yí dáadáa, ààbò ọrùn-ọwọ́ àti àṣíborí ni a ní kí ẹ fi fún un, kí eré ọjọ́ àkọ́kọ́ má baà jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ ka ìwé yìí fún bàbá ọmọ, kí ẹ sì fi han aládùúgbò yín.